Yíyan Ìṣàn Omi tí ó Yẹ fún Ẹja Loach nínú Àpótí Onígíláàsì

1.0 Ìfáárà

Loach kì í ṣe orúkọ ẹja kan ṣoṣo. Orúkọ àjùmọ̀jẹ́ ni fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹja inú omi tí kò níyọ̀, tí wọ́n ń gbé ìsàlẹ̀ odò, tí èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn sì ti ilẹ̀ Éṣíà wá. Nítorí pé orúkọ kan náà ni àwọn tí ń tà wọ́n ń pè wọ́n, àwọn olùsìn ẹja mìíràn a máa rò pé irú omi kan náà ni ó yẹ gbogbo wọn. Èrò yìí a máa ṣekú pa ẹja. Kókó iṣẹ́ yìí ni pé odò tí ẹja ti ṣẹ̀ wá ni ó yẹ kí ó pinnu bí omi àpótí rẹ̀ yóò ṣe máa ṣàn, kì í ṣe iye tí wọ́n kọ sára pọ́ǹpù. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

2.0 Oríṣìí Ẹja, Oríṣìí Odò

Ọ̀nà mẹ́rin ni a lè pín àwọn loach tí wọ́n wọ́pọ̀ nínú àpótí sí. Ìsọ̀rí kìn-ín-ní ni ẹja odò orí òkè, bíi Sewellia lineolata ti orílẹ̀-èdè Vietnam. Omi ibẹ̀ mọ́ gaara, ó sì ń sáré gba orí òkúta. Ara ẹja yìí pẹlẹbẹ. Lẹbẹ rẹ̀ gbòòrò, ó sì tẹ́ sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Òun ni ó fi ń lẹ̀ mọ́ òkúta kí omi má baà gbé e lọ.

Ìsọ̀rí kejì ni Chromobotia macracanthus, ẹja aláwọ̀ ọsàn onílà dúdú mẹ́ta, tí ó ti Sumatra àti Borneo wá. Ó lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30. Ìṣàn ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni ó bá a lára mu. Ìsọ̀rí kẹta ni àwọn Pangio, tí wọ́n rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ejò. Odò kéékèèké inú igbó ni ilé wọn, níbi tí ewé gbígbẹ ti bo ìsàlẹ̀, tí omi sì ń rọra lọ. Ìsọ̀rí kẹrin ni Misgurnus anguillicaudatus ti ìlà-oòrùn Éṣíà, tí ń gbé inú ẹrẹ̀ àti oko ìrẹsì. Bí ọ́síjìn inú omi bá dín kù, ẹja yìí a máa yọjú gbé afẹ́fẹ́ mì, ìfun rẹ̀ a sì gba ọ́síjìn inú rẹ̀.

3.0 Ìdí tí Ìṣàn fi Ṣe Pàtàkì

Ìṣàn ń kó ìdọ̀tí lọ sínú asẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó tóbi jù ni pé ó ń da ojú omi rú, tí ọ́síjìn fi ń wọnú omi láti inú afẹ́fẹ́. Bí omi bá ṣe ń gbóná sí i ni ọ́síjìn tí ó lè gbà ń dín kù. Ní ìwọ̀n 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius, lítà omi kan lè gba nǹkan bíi míligíráàmù 9. Ní ìwọ̀n 30, kò ju nǹkan bíi 7.5 lọ. Nítorí náà, ẹja odò orí òkè, tí ìwọ̀n 20 sí 24 dára fún, lè kú sínú omi gbígbóná tí kò ṣàn, bí oúnjẹ tilẹ̀ pọ̀ níbẹ̀.

4.0 Iye Omi àti Eré Omi

Ìmọ̀ràn tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí pọ́ǹpù yí omi àpótí ẹja odò orí òkè po ní ìgbà 10 sí 15 láàárín wákàtí kan, kí ó sì jẹ́ ìgbà 4 sí 6 fún ẹja omi jẹ́jẹ́. Ìmọ̀ràn yìí wúlò, àmọ́ kò tó. Àpẹẹrẹ kan ni àpótí tí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 100, tí ó fẹ̀ ní 50, tí omi rẹ̀ sì ga ní 40. Lítà 200 ni omi inú rẹ̀. Ìgbà 10 ní wákàtí kan jẹ́ lítà 2,000. Bí omi yìí bá tàn ká gbogbo fífẹ̀ àti gíga àpótí lọ́gbọọgba, eré rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta sẹ̀ǹtímítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan! Ẹnu páìpù ni ó ń sọ omi di alágbára tàbí ẹlẹ́sọ̀: bí ẹnu bá há, omi a tú jáde pẹ̀lú ipá; bí ó bá gbòòrò, omi a rọra jáde.

5.0 Ètò Inú Àpótí

Fún ẹja odò orí òkè, kí pọ́ǹpù wà ní ìpẹ̀kun kan, kí ó máa ti omi lọ sí apá kan ṣoṣo. Kí páìpù abẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ máa gba omi padà láti ìpẹ̀kun kejì. Kí òkúta ńlá wà láàárín, kí ẹja lè rí ẹ̀yìn rẹ̀ sinmi. Fún Pangio, kí olùsìn kọjú ẹnu páìpù sí ara gíláàsì, kí ó sì fi fóòmù bo ibi tí asẹ́ ti ń fa omi, nítorí ẹja tẹ́ẹ́rẹ́ yìí a máa wọ inú rẹ̀. Kí àwọn tí ń sin ẹja odò orí òkè ní pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ tí ń lo bátìrì, torí pé bí iná bá lọ, ẹja wọn ni yóò kọ́kọ́ jìyà.

6.0 Àwọn Àmì

Bí ẹja bá ń mí hẹlẹhẹlẹ lójú omi, ọ́síjìn kò tó. Ṣùgbọ́n Misgurnus tí ń gbé afẹ́fẹ́ mì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kò wà nínú ewu. Bí omi bá ń gbá ẹja káàkiri, tí oúnjẹ sì ń fò kọjá kí ó tó jẹ ẹ́, ìṣàn ti pọ̀ jù. Chromobotia tí ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lè máa sinmi lásán; àṣà rẹ̀ ni. Láti mọ eré omi, kí olùsìn ju ègé ewé gbígbẹ sójú omi, kí ó sì ka iye ìṣẹ́jú àáyá tí ó fi dé ìpẹ̀kun kejì. Igun tí ìdọ̀tí bá ń kó jọ sí ni ìṣàn kò dé.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

Àlàyé òkè yìí fi hàn pé àti àpọ̀jù àti àìtó ìṣàn ni ó lè pa ẹja. Ẹni tí ó bá fẹ́ sin loach ní láti kọ́kọ́ mọ orúkọ ẹja náà ní kíkún àti irú odò tí ó ti wá, kí ó tó ra pọ́ǹpù. Kò sì yẹ kí ó kó ẹja orí àpáta àti ẹja abẹ́ ewé sínú àpótí kan náà.