JAMB àti LSAT: Ìmúrasílẹ̀ Èwo Ló Ń Kọ́ni ní Iṣẹ́ Lọ́yà?

Ọmọ Yorùbá tó bá fẹ́ di lọ́yà, ìdánwò méjì ló ṣeé ṣe kó dúró dè é, ó kù síbi tó ń gbé. Bó bá wà nílé, UTME ni, èyí tí JAMB, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 1978, ń ṣe. Bó bá wà ní Amẹ́ríkà, LSAT ni, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe lọ́dún 1948. Ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ òfin ni méjèèjì ń ṣọ́. Àmọ́ ẹni tó bá ti jókòó ti ọmọ tó ń múra fún JAMB, tó tún jókòó ti èyí tó ń múra fún LSAT, yóò rí i pé ohun tí wọ́n ń fi oṣù mẹ́fà ṣe yàtọ̀ síra pátápátá. Ìmúrasílẹ̀ yẹn gan-an ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò, nítorí pé ọ̀nà tí ọmọ bá gbà kàwé kó tó wọlé ló sábà máa ń bá a dé inú kíláàsì òfin.

Ọjọ́ orí ló kọ́kọ́ yà wọ́n. Ní Nàìjíríà, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì, tó ti pé ọmọ ọdún 16, lè fi UTME wọ ẹ̀ka ìmọ̀ òfin, kó lo ọdún márùn-ún, kó tó gba ilé-ẹ̀kọ́ àwọn amòfin lọ. Ní Amẹ́ríkà, ó ní láti kọ́kọ́ gba oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì, ì báà jẹ́ nínú ìtàn, ì báà jẹ́ nínú bàọ́lọ́jì, kó tó lọ lo ọdún mẹ́ta fún ti òfin. Ọmọdé ló ń ṣe JAMB. Ẹni tó ti ń dàgbà bọ̀ ló ń ṣe LSAT. Ẹni tó bá ń fi ọ̀kan wé èkejì kò gbọdọ̀ gbàgbé èyí.

Ẹ jẹ́ ká wo JAMB ná. Iṣẹ́ mẹ́rin ni ọmọ yóò mú: èdè Gẹ̀ẹ́sì, Lítíréṣọ̀, àti méjì mìíràn, bí ẹ̀kọ́ nípa ìjọba àti ẹ̀kọ́ ìsìn. Ìbéèrè 60 ni ti Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ mẹ́ta tó kù ní 40, 40. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 180, wákàtí méjì péré ni wọ́n fún un. Ẹ ṣírò rẹ̀: ìṣẹ́jú àáyá 40 ló kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá 40, ta ló fẹ́ ro nǹkan jinlẹ̀? Bó o mọ̀ ọ́n, o mọ̀ ọ́n. Bó ò bá mọ̀ ọ́n, mú ọ̀kan nínú mẹ́rin kó o máa lọ.

Aago yẹn ló pinnu bí wọ́n ṣe ń múra. Ẹ wọ ilé lẹ́sìnnì èyíkéyìí ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo ní oṣù méjì kí ìdánwò tó dé, ìwé ìbéèrè àtẹ̀yìnwá lẹ ó bá lórí tábìlì, tó ti gbó, tí ìdáhùn ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Olùkọ́ á pè é, ọmọ á dá a lóhùn. Òfin ìjọba ọdún wo ló kọ́kọ́ fún Èkó àti Calabar láyè láti dìbò yan aṣojú? Ti Clifford, 1922. Ti Richards ńkọ́? 1946. Macpherson? 1951. Lyttelton? 1954. Ọmọ tó bá ti há gbogbo rẹ̀ sórí yóò dáhùn mẹ́wàá kí ẹlòmíràn tó dáhùn mẹ́ta. Bákan náà ni ti ìwé ìtàn tí JAMB máa ń yàn fún Gẹ̀ẹ́sì. The Lekki Headmaster, tí Kabir Alabi Garba kọ, ni wọ́n lò lọ́dún 2025, ìbéèrè mẹ́wàá sì ni ó máa ń jáde nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ó dùn mí láti rí i pé àkópọ̀ ìtàn, olójú ewé mélòó kan, ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń kà dípò ìtàn fúnra rẹ̀. Mi ò bá àwọn ọmọ yẹn wí. Ìdánwò tó ń sáré báyẹn ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká lọ sí òdì kejì. Àwọn bàbá wa tó wà ní Houston tàbí Maryland, nígbà tí ọmọ bá sọ pé òun fẹ́ ṣe LSAT, ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé, “Ìwé wo ni wọ́n ní kẹ́ ẹ kà?” Ọmọ á ní kò sí. Bàbá á rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Òótọ́ ló sọ: LSAT kò ní sílábọ́ọ̀sì. Kò bi ẹnikẹ́ni ní ohun kan ṣoṣo nípa òfin, kò béèrè ọdún, kò béèrè orúkọ. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2024, abala mẹ́rin ló ní, ìṣẹ́jú 35 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Méjì jẹ́ ti ìgbéyẹ̀wò àwíjàre, ọ̀kan jẹ́ ti àkàyé, ẹ̀kẹrin sì jẹ́ abala tí wọn kì í ka máàkì rẹ̀, àmọ́ tí ọmọ tó jókòó fún un kò ní mọ èwo ni. Tẹ́lẹ̀, abala kan wà níbẹ̀ tó máa ń gba pé kéèyàn ya àwòrán sórí ìwé kó tó lè tò ó jáde. Ọkùnrin afọ́jú kan pe àjọ tó ń ṣe ìdánwò náà lẹ́jọ́ nítorí rẹ̀, wọ́n yanjú ẹjọ́ náà lọ́dún 2019, abala náà sì ti kúrò báyìí. Mo fẹ́ràn pé ẹjọ́ ni wọ́n fi tún ìdánwò àwọn tó ń lọ kọ́ ẹjọ́ ṣe.

Kí ni àwíjàre tí wọ́n ń gbé yẹ̀ wò? Mo ro ọ̀kan fúnra mi, kó lè yé ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí. Alága ìjọba ìbílẹ̀ kan sọ pé: “Ọdún tó kọjá ni a ri iná mọ́ òpópónà àdúgbò yìí. Láàárín oṣù mẹ́fà, iye olè jíjà tí wọ́n fi tó ọlọ́pàá létí ti dín kù sí ìdajì. Iná yẹn ló mú olè jíjà dín kù.” Wọ́n á wá bi ọ́ pé, nínú àwọn ohun wọ̀nyí, èwo ló máa mú ọ̀rọ̀ alága mẹ́hẹ jù lọ bó bá jẹ́ òótọ́? Ọ̀kan ní owó tí wọ́n ná sórí iná náà ti pọ̀ jù. Òmíràn ní olè ṣì ń jà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kẹta ní oṣù tí wọ́n tan iná náà ni wọ́n kó àgọ́ ọlọ́pàá àdúgbò náà lọ sí ìlú kejì.

Ẹni tó bá fẹ́ sáré, èyí tó ní olè ṣì ń jà ni yóò mú, torí pé ó jọ pé ó ń ta ko alága. Kò ta kò ó. Alága kò sọ pé olè tán. Ó ní ó dín kù ni. Ẹ̀kẹta ni ìdáhùn. Ẹ padà wo gbólóhùn alága: iye “tí wọ́n fi tó ọlọ́pàá létí” ló dín kù. Bí ọlọ́pàá bá ti kúrò níbẹ̀, ta ni yóò rin ìrìn àjò nítorí fóònù tí wọ́n jí? Olè lè máa jà bó ṣe ń jà, kí ẹni tó ń fẹjọ́ sùn nìkan dín kù. Ìyàtọ̀ láàárín ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ohun tí wọ́n ròyìn pé ó ṣẹlẹ̀, ojoojúmọ́ ni lọ́yà ń fi jẹun nílé ẹjọ́. Ọmọ tó bá ti fi oṣù mẹ́rin wá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn ti ń ṣe iṣẹ́ lọ́yà kó tó gba ìwé ìgbàwọlé.

Ìdí nìyí tí ìmúrasílẹ̀ LSAT kò fi ṣeé há sórí. Ìbéèrè àtẹ̀yìnwá wà fún wọn náà, ó pọ̀ dáadáa, lọ́dọ̀ àjọ tó ń ṣe ìdánwò náà gan-an, àwọn kan sì wà lọ́fẹ̀ẹ́. Àmọ́ ìbéèrè tí wọ́n bá ti tẹ̀ jáde báyẹn kì í padà wá láti fún ẹni tó há a ní máàkì. Àwọn tó ń gòkè níbẹ̀ ní àṣà kan. Wọ́n á kọ́kọ́ ṣe abala kan pẹ̀lú aago. Gbogbo ibi tí ọkàn wọn kò balẹ̀, wọ́n á sàmì sí i. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n tó yẹ ìdáhùn wò, wọ́n á padà sí ibi tí wọ́n sàmì sí, láìsí aago mọ́, wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á sì sọ ìdí tí ìdáhùn mẹ́rin fi kùnà àti ìdí tí ẹ̀karùn-ún fi dúró. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó wá wo èsì. Ìbéèrè 25 lè gba odindi ìrọ̀lẹ́ kan. Àwọn bàbá wa ní àgbọ́ẹjọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tó ń múra báyìí ń fi ara rẹ̀ kọ́ àtigbọ́ ẹjọ́ ẹnì kejì nígbà gbogbo, kódà nígbà tí ẹnì kejì náà kò sí níbẹ̀. Láti ọdún 2007 ni wọ́n ti fi àyọkà méjì tó dojú kọ ara wọn kún abala àkàyé, kí ọmọ lè sọ ibi tí òǹkọ̀wé méjèèjì ti pàdé àti ibi tí wọ́n ti yapa.

Síbẹ̀, n kò ní fi JAMB sílẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Ọmọ tó kẹ́kọ̀ọ́ fún UTME dáadáa ní nǹkan lórí. Ó mọ bí ìjọba wa ṣe dé ibi tó dé, ó ti ka eré oníṣe àti ewì, ó sì lè mú èdè Yorùbá pàápàá mọ́ iṣẹ́ mẹ́rin rẹ̀. Ẹni tó gba máàkì ńlá nínú LSAT lè máà mọ ìkankan nínú ìyẹn, kó mọ bí a ṣe ń tú ọ̀rọ̀ ká, kó má mọ ilẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà dúró lé. Owó ńkọ́? Fọ́ọ̀mù UTME ọdún 2025 kò tó ₦10,000. Owó LSAT nìkan lé ní $200, lẹ́sìnnì rẹ̀ sì lè lé ní ẹgbẹ̀rún dọ́là, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àjọ náà máa ń dárí owó ji àwọn tí kò ní. Ọmọ alágbàṣe ní Ìsẹ́yìn lè jókòó ṣe ìdánwò JAMB. Èyí kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ibi tí JAMB ti ń dùn mí ni pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni, máàkì rẹ̀ kò sì kọjá ọdún yẹn. Ẹni tó ń ṣe LSAT ní ọjọ́ tó pọ̀ láàárín ọdún kan ṣoṣo. Wọ́n gbà á láyè dé ìgbà méje láyé rẹ̀. Bí ara rẹ̀ kò bá yá lọ́jọ́ kan, ó lè padà wá lóṣù mìíràn. Ó tún ní ìdí láti padà wá: máàkì wọn bẹ̀rẹ̀ láti 120 dé 180, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ òfin sì ń fi máàkì yẹn pín ẹ̀dínwó owó ilé-ẹ̀kọ́, tó fi jẹ́ pé máàkì márùn-ún lè dín ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là kù nínú gbèsè ọmọ. Ní tiwa, a rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2025. Àṣìṣe wà nínú ẹ̀rọ tí JAMB lò, ọmọ 379,997 ní Èkó àti ìpínlẹ̀ márààrún ìlà-oòrùn gúúsù sì ní láti tún ìdánwò ṣe. Ọ̀gá JAMB nígbà náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, sunkún níwájú àwọn oníròyìn, ó gbà pé ẹ̀bi àwọn ni. Mo bọ̀wọ̀ fún un pé ó gbà. Àmọ́ ọmọ tó ti fi gbogbo ọdún gbé ìrètí rẹ̀ lé wákàtí méjì, ó yẹ kó ní ju ọjọ́ kan ṣoṣo lọ. Lẹ́yìn UTME, post-UTME, ìdánwò tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ń ṣe, tún wà. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, ìdajì máàkì ló ti ibẹ̀ wá.

Bí wọ́n bá ní kí n dájọ́, mo ní ẹnu ọ̀nà JAMB ló gba ọmọ tálákà mọ́ra jù, àmọ́ ìmúrasílẹ̀ LSAT ló ń kọ́ni ní iṣẹ́ lọ́yà. Ó sì dá mi lójú pé a lè mú ọgbọ́n ìkejì wọ inú ti àkọ́kọ́ láìdúró de ìjọba. Tí ọmọ tó múra fún JAMB bá dé kíláàsì òfin, wọn kò ní bi í ní ọdún Clifford mọ́. Wọ́n á sọ fún un pé ẹnì kan ta mọ́tò fún ẹnì kejì, ẹni tó rà á san ìdajì owó, mọ́tò jóná kó tó kúrò lọ́gbà ẹni tó tà á. Ta ló ni òfò? Kò sí ìwé ìbéèrè àtẹ̀yìnwá tí ìdáhùn èyí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ lẹ́sìnnì, ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín fẹ́ ka òfin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọjọ́ kan sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tí ẹ ó gbé aago kúrò lórí tábìlì. Ẹ mú àyọkà Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo nínú ìbéèrè JAMB, ẹ pa ìdáhùn mọ́, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ọmọ sọ ìdí tí mẹ́ta fi kùnà, kó tó sọ èyí tó yè. Bó bá gba odindi ìrọ̀lẹ́ kan, ẹ má kánjú mọ́ ọn lórí.