Ìpolówó Kì Í Ṣe Ariwo: Ọgbọ́n fún Aládìrẹ Kékeré

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Nínú kíláàsì náà, wọ́n kọ́ wa pé ẹni tó ń tajà gbọ́dọ̀ ké, kó sì pọ́n ọjà rẹ̀ lé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n tí gbogbo ará ọjà bá ń ké ohun kan náà ńkọ́? Ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀pọ̀ nínú wa, torí inú ọjà kékeré tí àwọn òbí wa ń tà ni owó ilé ìwé wa ti ń jáde.

Ẹ jẹ́ ká fi ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ṣe àpẹẹrẹ. Àdìrẹ ló sọ ọjà náà di olókìkí. Ìsọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀, àdìrẹ ni wọ́n sì ń tà. Ẹni tó bá kàn ń pariwo "Àdìrẹ rèé o!" kò tíì sọ nǹkan kan, torí àdìrẹ náà ló wà lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀. Èyí tó tún mú un le ni aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà, tí wọ́n tẹ ọnà àdìrẹ sí lára, tí wọ́n ń tà ní owó pọ́ọ́kú.

Ohun tó kọ́kọ́ máa ń síni lọ́kàn ni pé ká dín owó kù. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Ká ní aṣọ kan ń ná aládìrẹ ní ₦6,000 kó tó parí, tó sì ń tà á ní ₦8,000. Èrè rẹ̀ jẹ́ ₦2,000. Tó bá gbé e wá sí ₦7,000, ìdajì èrè ti lọ nìyẹn. Ó di kó ta aṣọ méjì kó tó rí èrè tó ń rí lórí ẹyọ kan tẹ́lẹ̀, ọwọ́ ni yóò sì fi ṣe méjèèjì. Kì í rẹ ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ó ń rẹ èèyàn. Tó bá jẹ́ owó pọ́ọ́kú la fẹ́ fi díje, ẹ̀rọ ni yóò borí. Ohun tí ẹ̀rọ ò ní ló yẹ ká gbé síta.

Àkọ́kọ́, kó sọ bí wọ́n ṣe ṣe aṣọ náà. Ṣé oníko ni, tí wọ́n fi ìko dì? Ṣé alábẹ́rẹ́ ni, tí wọ́n rán? Àbí ẹlẹ́kọ, tí wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ láfún ya ọnà sí kó tó wọ inú aró? Kó sọ orúkọ ọnà náà pẹ̀lú. Nínú Ìbàdàndùn, òpó gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí ní 1929, ni wọ́n máa ń yà. Ẹni tó bá gbọ́ èyí á rántí. Ó lè ké báyìí pé:

"Ìbàdàndùn rèé, ọwọ́ la fi yà á!
Ìyẹ́ adìẹ la fi kọ ọ́, ẹ̀rọ ò mọ̀ ọ́n!"

Ìkejì ni ìpàtẹ. Kó má kó gbogbo ẹ̀ jọ gègèrè. Èyí tí ẹlòmíràn ò ní ni kó fi kọ́ síwájú. Kó tún na ọnà kan náà méjì síra wọn, kí oníbàárà rí i pé iṣẹ́ ọwọ́ kì í dọ́gba pátápátá bíi ti ẹ̀rọ.

Ìkẹta ni fóònù. Ojúmọmọ ni kó ya fọ́tò, kí àwọ̀ aró má baà yàtọ̀ sí ti gidi. Tó bá gbé e sórí WhatsApp, kó kọ iye ọ̀pá àti iye owó sí i. Ẹni tí ò bá rí iye owó lè má béèrè. Á kàn kọjá lọ.

Ìkẹrin ni èènì. A mọ èènì mọ́ gàrí àti ìrẹsì, àmọ́ aládìrẹ náà lè fi àjákù aṣọ ṣe gèlè kékeré fún ọmọ oníbàárà. Ọmọ náà á wọ̀ ọ́ jáde, àwọn èèyàn á sì béèrè ibi tí wọ́n ti rà á.

Òtítọ́ ló gbé gbogbo rẹ̀ ró. Tí aró bá máa ṣí díẹ̀, kó sọ fún oníbàárà pé kó fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ nígbà àkọ́kọ́. Kó má sì pe aṣọ ẹ̀rọ ní iṣẹ́ ọwọ́ láé. Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Oníbàárà tí wọ́n bá rẹ́ jẹ náà á polówó, ṣùgbọ́n ìpolówó tó ń lé èèyàn sẹ́yìn ni.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, kì í ṣe aládìrẹ nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí. Tí a bá lọ ìsinmi, kí ẹni tí ìyá rẹ̀ ń tajà béèrè lọ́wọ́ wọn pé: "Mà, kí ló wà nínú ọjà yín tí kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn?" Kó kọ ìdáhùn náà ní gbólóhùn mẹ́ta, kó ya fọ́tò kan tó mọ́lẹ̀ dáadáa, kó sì bá wọn gbé e síta. Iṣẹ́ tí Yorùbá tí à ń kọ́ lè ṣe fún ilé wa nìyẹn.