Ohun Tí Ọ̀pọ̀lọ́ Inú Bàsíà Ń Kọ́ Ọmọ

Kọ "ọpọlọ" sílẹ̀ láìfi àmì sí i, ohun tó wà nínú agbárí ni ọmọ yóò kà. Fi àmì sí i, ọ̀pọ̀lọ́, ó di ẹ̀dá tó ń fò kiri ẹ̀yìnkùlé nígbà òjò. Ẹ̀kọ́ àmì ohùn nìyẹn, ọmọ ò sì tíì fọwọ́ kan ẹranko náà rárá.

Ohun tó mú kí ọ̀pọ̀lọ́ jẹ́ olùkọ́ rere ni pé ìbéèrè ló máa ń ṣáájú lọ́dọ̀ rẹ̀. Nílé ìwé, a sábà máa ń kó ìdáhùn fún ọmọ kó tó ní ìbéèrè kankan. Ọ̀pọ̀lọ́ á ṣe ohun tó yani lẹ́nu, ọmọ á ní "kí ló dé?", ìdí ohun náà ni yóò sì gbé e lọ sínú ìwé tó yẹ.

Ilé tí a ó fi ọ̀pọ̀lọ́ sí kò wọ́n. Bàsíà ńlá, erùpẹ̀ tútù tó ga tó ìka mẹ́rin, ewé gbígbẹ, àpáàdì tí yóò máa sá sí lábẹ́ lójú ọ̀sán, nẹ́ẹ̀tì lórí rẹ̀, àti ìdérí ike tí a bu omi díẹ̀ sí. Omi òjò tàbí omi kànga ló dára jù. Bó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ tó ní chlorine nínú, kí ó wà nínú abọ́ láìdé e di ọjọ́ kejì.

Ọmọ á máa retí kí ó wá mu omi náà. Kò ní mu ún. Yóò wọ inú rẹ̀, yóò jókòó pẹ̀sẹ̀, awọ abẹ́ ikùn àti itan rẹ̀ ni yóò fi fa omi sára. Awọ tó ń gba omi wọlé á gba ìpara àti oògùn ẹ̀fọn pẹ̀lú, nítorí náà kí ọmọ fi omi ṣan ọwọ́ dáadáa kó tó gbé e.

Àsìkò oúnjẹ ni mo fẹ́ràn jù. Fi òkú ìrẹ̀ síwájú rẹ̀, kò ní wò ó. Ohun tó bá ń mira nìkan ló ń pè ní oúnjẹ. Fi ààyè ìrẹ̀ síbẹ̀, ara rẹ̀ á tẹ̀ síwájú díẹ̀, ìka ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á máa gbọ̀n, lẹ́ẹ̀kan náà ìrẹ̀ ti di àwátì. Ìdí ahọ́n tiwa wà lẹ́yìn, tirẹ̀ wà níwájú ẹnu, ló ṣe lè jù ú síta bẹ́ẹ̀. Sún mọ́ ọn nígbà tó bá ń gbé e mì: ojú rẹ̀ méjèèjì á dé, wọ́n á sì rì wọ inú orí. Kò léyín, ẹyinjú ló ń bá a ti oúnjẹ lọ sí ọ̀fun. Ọmọ tó bá rí i lẹ́ẹ̀kan á fẹ́ rí i lẹ́ẹ̀kejì, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ìrẹ̀ tó ń jẹ lálẹ́. Ìṣirò ti dé nìyẹn.

Ìṣirò tó dùn jù wà nínú adágún omi òjò. Ẹyin ọ̀pọ̀lọ́ máa ń gùn bí okùn, dúdú dúdú bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín, ó sì lè tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Kò sẹ́ni tó lè jókòó kà á tán. Kí ọmọ fi rúlà wọn sẹ̀ǹtímítà 5, kí ó ka ẹyin ibẹ̀. Bó bá jẹ́ 20, tí okùn sì gùn tó mítà 3, ẹyin ibẹ̀ á tó 1,200. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, légbénlégbé á jáde. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló máa ń kọ́kọ́ yọ sí i, tọwọ́ á tẹ̀ lé e. Ìrù kì í já, ara ló ń fà á wọlé. Kí ọmọ máa yàwòrán rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀dá tó ń jẹ ewé omi tẹ́lẹ̀ á di ajẹkòkòrò, ìfun rẹ̀ gígùn á sì kúrú.

Àwọn àgbà ní ọ̀pọ̀lọ́ ń yan káńdúkáńdú lójú ẹlẹ́gùúsí. Àkèré ń wọ ọbẹ̀, kí ló dé tí ọ̀pọ̀lọ́ kì í wọ̀ ọ́? Kí ọmọ wo ẹ̀yìn ojú rẹ̀: kókó méjì wà níbẹ̀ tí oró funfun bíi wàrà ń jáde látinú wọn, oró tó lè da ọkàn láàmú. Òwe àti sáyẹ́ǹsì pàdé síbẹ̀. Ọṣẹ ni kí ọmọ fi fọwọ́ lẹ́yìn tó bá gbé e, kó má sì fọwọ́ kan ojú kó tó fọ̀ ọ́.

Nínú ìwé bàọ́lọ́jì àtijọ́, Bufo regularis ni orúkọ ọ̀pọ̀lọ́ wa yìí. Lónìí, Sclerophrys regularis ni. Ó dára kí ọmọ tètè mọ̀ pé ìwé náà máa ń yí padà.

Oró kan náà ló gbé wa dé Ọsirélíà. Ní 1935, wọ́n kó irú ọ̀pọ̀lọ́ ńlá kan, tí orírun rẹ̀ jẹ́ Gúúsù àti Àárín Amẹ́ríkà, láti Hawaii lọ sí Queensland, kí ó lè jẹ kòkòrò tó ń ba ìrèké jẹ́. Kòkòrò ò tán, ọ̀pọ̀lọ́ ló kún ilẹ̀, àwọn ẹran ibẹ̀ tí kò mọ oró rẹ̀ ń jẹ ẹ́, wọ́n ń kú. Ẹ ṣí máàpù kí ọmọ fi ìka tọ ọ̀nà yẹn.

Nítorí náà, bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan bá pé, ibi gan-an tó ti mú ọ̀pọ̀lọ́ rẹ̀ ni kí ó dá a padà sí, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí òjò bá rọ̀, kí ó sì kọ déètì àti wákàtí sí ìlà tó kẹ́yìn nínú ìwé rẹ̀.