Fífi Àṣẹ Kọ̀ǹpútà Ránṣẹ́ Láìyingin

Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Kọ̀ǹpútà kò ní irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Bí iṣẹ́ náà bá ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò jẹ́ ẹ, ìbáà ṣe pé ojú ọ̀nà ni ó ti dàrú.

SQL ni èdè tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ilé ìfowópamọ́, ilé ìwòsàn àti ọ́fíìsì ìjọba fi ń bá àkọsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Donald Chamberlin àti Raymond Boyce, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ IBM ní California ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n gbé e jáde ní 1974. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lásán ni ó pọ̀ nínú rẹ̀: DELETE ni "pa rẹ́", WHERE ni "níbi tí". Ìrọ̀rùn yìí ni ó mú kí àwọn ènìyàn máa fi àṣẹ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ara wọn bí ẹni fi lẹ́tà ránṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé akọ̀wé kan fẹ́ yọ ìsanwó ọdún 2015 kúrò nínú àkọsílẹ̀ owó ìfẹ̀yìntì, tí ó sì kọ ọ́ báyìí:

DELETE FROM ifeyinti
-- ti odun 2015 nikan
WHERE odun = 2015

Igi kékeré méjì tí ó dùbúlẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ kejì ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé àlàyé fún ènìyàn ni ìyókù ẹsẹ̀ náà, kí ó má kà á sí. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ètò tí ó gbé e ránṣẹ́ bá lẹ ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ di ọ̀kan ṣoṣo, WHERE ti bọ́ sínú àlàyé nìyẹn. Ohun tí ó kù tí kọ̀ǹpútà ń rí ni pé kí ó pa gbogbo àkọsílẹ̀ ìfẹ̀yìntì rẹ́, gbogbo ọdún, gbogbo orúkọ. Bẹ́ẹ̀ lẹ́tà kan kò sọnù, ẹnikẹ́ni kò sì ṣi ọ̀rọ̀ kọ.

Níhìn-ín ni àwọ̀ ti wúlò. Ojú ìkọ̀wé tí àwọn oníṣẹ́ yìí ń lò a máa kun ọ̀rọ̀ àṣẹ ní àwọ̀ kan, a sì kun àlàyé ní òmíràn. Ẹni tí ó bá rí WHERE nínú àwọ̀ àlàyé yóò ta gìrì. Ṣùgbọ́n àwọ̀ náà kò sí nínú ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, nítorí náà kì í sábà bá a rìn. Àwọn kan a wá ya fọ́tò rẹ̀. Fọ́tò gbé àwọ̀ dé lóòótọ́, àmọ́ ẹni tí ó gbà á ní láti jókòó tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀, àṣìṣe tuntun sì lè wọlé.

Ètò ìkọ̀wé bíi Microsoft Word ní tirẹ̀ a máa ṣe àṣejù: a sọ àmì àyọlò tí ó dúró gangan di èyí tí ó tẹ̀, a sì so igi méjì pọ̀ di ọ̀kan gígùn. Kọ̀ǹpútà sábà máa ń kọ̀ láti jẹ́ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Ìyẹn tilẹ̀ sàn, nítorí kíkọ̀ kì í pa nǹkan run.

Ọ̀nà tí ó dájú ni kí a kó àṣẹ náà sínú fáìlì ọ̀rọ̀ lásán tí orúkọ rẹ̀ parí sí .sql, kí a sì fi fáìlì náà gan-an ránṣẹ́. Bí ẹni tí ó gbà á bá ṣí i ní ojú ìkọ̀wé tirẹ̀, àwọ̀ yóò tún yọ. Àlàyé tí a bá fi /* bẹ̀rẹ̀ tí a sì fi */ parí kò lè gbé ọ̀rọ̀ mìíràn mì, bí àwọn ẹsẹ̀ tilẹ̀ lẹ̀ mọ́ra. Kí ẹni tí yóò lo àṣẹ náà sì kọ́kọ́ fi SELECT COUNT(*) rọ́pò DELETE, kí kọ̀ǹpútà ka iye tí ọ̀rọ̀ kàn fún un. Bí ó bá ń retí 100 tí ó rí 10,000, kí ó dáwọ́ dúró.