Ẹja Kékeré Kì Í Ṣe Ọmọ Ẹja Nígbà Gbogbo

Bí a bá rí ẹja wẹẹrẹ nínú apẹ̀rẹ̀, kíá la ó ti ní, "Ọmọ ẹja ni wọ́n lọ kó yìí!" Òótọ́ ni nígbà mìíràn. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ìyá ọlọ́mọ la ń pè ní ọmọdé.

Ẹ wo ẹja kan tí wọ́n ń pè ní kapẹ́ńtà. Adágún Tanganyika ni ilé rẹ̀. Níbẹ̀, ó lè gùn tó íǹṣì 6 àbọ̀. Ní 1967 àti 1968, wọ́n fi bàlúù kó ọmọ rẹ̀ lọ sí adágún Kariba, láàárín Zambia àti Zimbabwe. Ó bí sí i, ó rẹ̀ sí i níbẹ̀, títí ó fi di ọjà ńlá. Ṣùgbọ́n kò tóbi bíi ti ilé mọ́. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń pa ní Kariba kò ju nǹkan bí íǹṣì 2 lọ, bẹ́ẹ̀ púpọ̀ nínú wọn ti tó í yé ẹyin. Ẹ̀mí rẹ̀ pàápàá kúrú sí i.

Báwo la ṣe ń mọ ọjọ́ orí ẹja? Òkúta kékeré kan wà nínú orí rẹ̀ tó ń ní ìlà yíká bí inú igi. Ìlà yẹn làwọn onímọ̀ ń kà.

Kí ló wá fa ìyàtọ̀ yìí? Omi ni. Oúnjẹ inú omi kan kì í ṣe bákan náà pẹ̀lú ti òmíràn. Ẹja ńlá eléyín mímú tún wà ní Kariba tó ń jẹ kapẹ́ńtà, àwọ̀n apẹja kò sì sùn lóru. Níbi tí ikú ti ń dọdẹ ẹja báyìí, èyí tó bá tètè yé ẹyin ló ń fi irú sílẹ̀. Agbára tí ì bá fi tóbi, orí ẹyin ló ná an sí. Ẹ̀yin oníṣòwò ṣáà mọ̀ pé owó kan ṣoṣo kò lè ra ọjà méjì.

Èwo ló kàn wá níbẹ̀? Àwọn kan nínú wa ń yá owó ẹgbẹ́ láti ra àwọ̀n. Ojú àwọ̀n tó bá omi kan mu lè ba omi mìíràn jẹ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi àwọn àgbà apẹja omi náà léèrè. Nígbà tí ẹja bá ń yé, ẹ la ikùn díẹ̀ wò. Bí ẹyin bá kún inú ẹja kékeré, àgbà ni. Bí a bá la ọ̀pọ̀ tí a kò rí ẹyin nínú ọ̀kankan, ọmọ ni wọ́n. Ẹni tó bá ń rà wọ́n, ọjà ọdún tó ń bọ̀ ló ń jẹ tán lónìí.