Ìpẹtà Tí Alágbẹ̀dẹ Fi Ń Wọ Ìbọn Láṣọ

Ọmọ tó ń fẹ́ ẹwìrì ní ilé àgbẹ̀dẹ ti mọ̀ pé ìpẹtà ni ọ̀tá irin. Síbẹ̀, ìpẹtà gan-an ni àwọn tó ń tún ìbọn ẹlẹ́nu méjì àtijọ́ ṣe ń wá lójú méjèèjì. Wọ́n á fi omi ásíìdì díẹ̀ pa ọ̀pá ìbọn tó ń dán, wọ́n á gbé e sínú àpótí tó lọ́rinrin di ọjọ́ kejì, títí tí yóò fi pọ́n bí osùn.

Bí irin náà ṣe jẹ́ ló fà á. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn alágbẹ̀dẹ Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti agbègbè Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù kì í gbẹ́ ihò ìbọn olówó iyebíye sínú irin kan ṣoṣo. Wíwé ni wọ́n ń wé e. Wọ́n á to irin rírọ̀ àti irin líle lé ara wọn, wọ́n á fi iná àti òòlù sọ wọ́n di ọ̀kan, wọ́n á sì lọ́ ọ bí okùn. Okùn irin méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n á lù pọ̀ di pẹlẹbẹ, kí wọ́n tó wé e mọ́ ọ̀pá bí onídìrí ṣe ń fi òwú wé irun kíkó. Àwọn kan tó ṣáájú wọn tilẹ̀ ń ṣa ògbólógbòó ìṣó pátákò ẹṣin jọ láti fi ṣe é. Birmingham yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ ìbọn tí àwọn oníṣòwò kó wá sí etíkun wa ti wá, àmọ́ ìbọn ọjà lásán nìyẹn. Ti àwọn ọlọ́lá là ń wí.

Bí wọ́n bá fá ọ̀pá náà tán, funfun báláú ni. Àrà inú rẹ̀ kò hàn. Irin rírọ̀ àti irin líle kì í gba ìpẹtà bákan náà. Ìpẹtà ló ń ya wọ́n sọ́tọ̀, tí àrà yóò fi yọ bí àdìrẹ tó ti inú aró jáde.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń tún un ṣe kò gbọdọ̀ kánjú. Yóò fi ẹfun lílọ̀ nu gbogbo ọ̀rá kúrò, yóò fi igi dí ẹnu méjèèjì, kò sì ní fi ìka lásán kàn án mọ́. Bí ìpẹtà bá ti mú, yóò sè é nínú omi tó mọ́, pupa á di dúdú, yóò sì fi búrọ́ọ̀ṣì onírin wẹ́wẹ́ gbo ó. Yóò tún bẹ̀rẹ̀. Ó lè ṣe é tó ìgbà mẹ́wàá.

Àwọn kan wà tí wọn kò ní sùúrù yìí. Wọ́n á ri ìbọn bọ inú iyọ̀ oró gbígbóná tí wọ́n fi ń sọ irin òde òní di dúdú kíákíá. Ó dùn mí láti sọ ọ́: wọ́n ti bà á jẹ́ nìyẹn. Tánńganran yíyọ́ ló lẹ irin pẹlẹbẹ tó so ọ̀pá méjèèjì pọ̀, iyọ̀ náà sì ń jẹ tánńganran. Ẹni tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ fi ìka kan gbé ọ̀pá náà rọ̀, á fi oríkèé ìka kan án. Bí ó bá dún bí agogo, ó ṣì dì. Bí ó bá dún kú, nǹkan ti tú níbì kan.

Inú ọ̀pá tún ni ibi tí ìpẹtà burúkú ń sá sí, nítorí eérú ẹ̀tù dúdú ń fa omi. Wọ́n lè fá a dànù, àmọ́ gbogbo fífá ń sọ ògiri ọ̀pá di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ̀mí èèyàn sì wà nídìí rẹ̀. Láti 1813 ni ilé ìdánwò ìbọn ti wà ní Birmingham, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀tù tó ju ti ojoojúmọ́ lọ dán ọ̀pá wò kí wọ́n tó lù ú lóǹtẹ̀.

Nígbà tí irin líle tó ṣeé gbẹ́ dé, tí ẹ̀tù aláìléèéfín tó lágbára sì tẹ̀ lé e, ọ̀pá wíwé bẹ̀rẹ̀ sí í ré. Ní àfonífojì odò Vesdre lẹ́bàá Liège, níbi tí ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń fi í jẹun, iṣẹ́ náà ti ń lọ sílẹ̀ kí ọmọ ogun Jámánì tó dé ní oṣù kẹjọ 1914. Èyí tó bá ti bàjẹ́ báyìí, ó ṣòro kéèyàn tó rí ẹni tí yóò wé òmíràn.

Nígbà tí ó bá sè é kẹ́yìn, tí ó fi òróró pa á, alágbẹ̀dẹ yóò tún fi ìka kan gbé ọ̀pá náà rọ̀, yóò kàn án, yóò sì tẹ́tí.