Ohun Tí Etí Kò Lè Gbọ́ Nínú Máṣíìnì Àtijọ́

Ìbéèrè tí aládùúgbò mi kan bi mí ní Otokiti, níbí ní Lọ́kọ́ja, yẹ fún ìdáhùn tó kún. Ó rí i tí mo mú ohun kan tó dà bí ìbọn, tí mo na ẹnu rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì Honda C70 tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, tí iná funfun ń ṣẹ́jú wàìwàì lára irin. Ó ní, “Bọ̀dá, ṣé iná yẹn ló ń tún un ṣe ni?” Rárá o. Iná táímíǹgì nìyẹn. Ó ń jẹ́ ká rí ìgbà tí púlọ́ọ̀gì ta iná ni. Ọwọ́ àti súkúrù ló ń ṣe ìyókù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì. Písítìn ń gòkè, ó ń fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀ mọ́ra. Nígbà tó bá ku díẹ̀ kó dé òkè pátápátá, iná á ta ní púlọ́ọ̀gì. Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí kò dúró kí písítìn débẹ̀ ná. Epo kì í jó lẹ́ẹ̀kan náà. Iná á ràn, á tàn ká, ìgbà tí písítìn bá sì ti yí padà tó ń bọ̀ nísàlẹ̀ la fẹ́ kí agbára iná náà tì í. Ẹ wo ẹni méjì tó ń gún iyán nínú odó kan: bí ẹnì kan bá sọ ọmọ odó kalẹ̀ kí èkejì tó gbé tirẹ̀ sókè, ọmọ odó méjèèjì á kọlura, bó bá sì pẹ́ jù, ọwọ́ á ti bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni púlọ́ọ̀gì àti písítìn ṣe rí sí ara wọn.

Bí iná bá tètè ta jù, ó ń ti písítìn padà nígbà tó ṣì ń gòkè. Ẹ ó máa gbọ́ ariwo kọ̀-kọ̀-kọ̀ bí ẹ bá ń gun òkè, kíkì sì lè ta padà lu ẹni tó ń ta á lójúgun. Nínú ẹ́ńjìnnì tí ọ́ìlì ń jó pọ̀ mọ́ epo rẹ̀, irú Suzuki A100 ayé ọjọ́sí, ó lè lu písítìn ní ihò. Bí iná bá pẹ́ kó tó ta ńkọ́? Epo á ṣì máa jó nígbà tó ń jáde lọ sínú sálẹ́ńsà. Sálẹ́ńsà á gbóná kọjá ààlà, máṣíìnì á wúwo, epo á sì tètè tán.

Nínú ọ̀pọ̀ Honda kékeré, ní sàkáání dígírì 15 ṣáájú òkè ló yẹ kí iná ta nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń rọra dún. Ẹ gbọ́ bí iṣẹ́ náà ṣe yára tó. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 1,500 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìgbà 25 ló ń yí láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Tí a bá pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sọ́nà 9,000, ọ̀kan péré nínú rẹ̀ ni dígírì kan. Kò sí ojú tó lè bá a.

Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Harold Edgerton, wà lára àwọn tó la ọ̀nà àtirí i. Ní MIT, ní nǹkan bí ọdún 1931, ó ń lo iná tó ń ṣẹ́jú láti wo mọ́tò iná mànàmáná tó ń yí. Bí iná bá ń ṣẹ́jú ní ìwọ̀n ìgbà tí irin ń yí, ojú kan náà ni irin yóò máa wà nígbàkúùgbà tí iná bá tàn, ojú á sì rí i bí ẹni pé ó dúró. Ohun tí iná táímíǹgì ń ṣe nìyẹn. Ó ní ẹnu kan tí à ń fi gbá wáyà púlọ́ọ̀gì mú. Gbogbo ìgbà tí iná bá gba inú wáyà yẹn kọjá, iná inú ìbọn náà á ṣẹ́jú. Irin tó dà bíi pé ó dúró yẹn ṣì ń yí o! Ẹ má ṣe na ìka sí i, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ọn.

Àwọn máṣíìnì tuntun tó pọ̀ lójú títì wa kò nílò kí a máa yí táímíǹgì wọn: CDI, ẹ̀rọ kékeré kan tó ń darí iná púlọ́ọ̀gì, ló ń ṣe é, kò sì ní ohun tó ń jẹ. Àwọn àgbà máṣíìnì ló ní kọ́ńtáàtì, ẹnu irin méjì tó ń pa dé tó sì ń ṣí. Ìgbà tó bá ṣí gan-an ni kọ́ìlì ń ta iná sí púlọ́ọ̀gì. Kọ́ńtáàtì ní gìgísẹ̀ kan tó ń fara nu irin bó ti ń yí, gìgísẹ̀ yìí sì ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Bó ṣe ń jẹ, àlàfo ẹnu rẹ̀ ń dín kù, ó ń pẹ́ kó tó ṣí, iná náà sì ń pẹ́. Nítorí náà, máṣíìnì tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn á fúnra rẹ̀ kúrò ní táímíǹgì. Ẹ fi omi kún un: àwọn tí àkúnya omi ọdún 2012 àti ti 2022 bá máṣíìnì wọn nínú ilé ní Lọ́kọ́ja mọ ohun tí ìpẹtà ń ṣe sí irin kéékèèké bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò le. Ẹ kọ́kọ́ fi fílà géèjì, irin pẹlẹbẹ ìwọn àlàfo, wọn àlàfo kọ́ńtáàtì, mìlímítà 0.3 sí 0.4 ni Honda fẹ́. Ẹ wá àmì F àti T lára fláwíìlì, irin róbótó tó ń bá ẹ́ńjìnnì yí, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì funfun kun F kó lè hàn. T ni òkè pátápátá. F ni ibi tí iná ti gbọ́dọ̀ ta. Ẹ ṣáná sí máṣíìnì, kó gbóná díẹ̀, kó máa rọra dún, kí ẹ sì na iná sí i. Bí F bá bá àmì ara ẹ́ńjìnnì mu, ó pé. Bí F kò bá tíì dé ibẹ̀, iná ń yá jù. Bó bá ti kọjá, tí T ti ń sún mọ́ ọn, iná ń pẹ́. Nínú C70, àlàfo kọ́ńtáàtì fúnra rẹ̀ lẹ ó fi tún un ṣe: ẹ fẹ̀ ẹ́ díẹ̀, iná á yá, ẹ dín in kù, iná á pẹ́. Nínú àwọn mìíràn, àwo tó gbé kọ́ńtáàtì lẹ ó yí.

Àwọn mẹ̀káníìkì àgbà wa ń fi gílóòbù kékeré ṣe é nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá dúró, iṣẹ́ wọn sì dára. Ẹni tó ń fi etí nìkan ṣe é ni mo ń ṣàníyàn lé lórí. Bí a bá mú kí iná yá, ẹ́ńjìnnì tó dúró lójú kan á sáré sí i, ohùn rẹ̀ á já gaara, inú oníṣẹ́ á sì dùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí máṣíìnì yẹn gbé èèyàn méjì àti àpò ẹ̀wà gun òkè nínú ooru oṣù kẹta Lọ́kọ́ja. Ibẹ̀ ni kọ̀-kọ̀-kọ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá ti fún súkúrù le, ẹ tún na iná sí i lẹ́ẹ̀kan sí i, torí fífún súkúrù le lè sún kọ́ńtáàtì tàbí àwo náà. Bí máṣíìnì yín bá sì jẹ́ ti bátìrì fólítì mẹ́fà, ẹ mú bátìrì ọkọ̀ fólítì méjìlá wá fún iná táímíǹgì náà. Àṣálẹ́ ló dára jù láti ṣe é, nítorí oòrùn ọ̀sán kì í jẹ́ kí ṣọ́ọ̀kì náà hàn.